Síìtì Fẹ́sípà Tí Kò Ṣí: Èsì fún Àwọn Tí Ó Ní Èdè Wa Kò Mọ Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo dákẹ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nítorí náà ni mo fi mú gègé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yóò rántí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá a lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn dìde, ó ní èdè Yorùbá dùn fún oríkì, ó dùn fún ẹkún ìyàwó, ó dùn fún òwe àti àlọ́, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé sí fẹ́sípà mi tí mo gbé sí abẹ́ igi, ó ní, "Kí ẹlẹ́fẹ́sípà yìí fi Yorùbá kọ bí a ti ń tún lọ́ọ̀kì síìtì rẹ̀ ṣe, kí ojú wa rí i." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí síìtì náà fi ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹlòmíràn sì dìde láti gbèjà èdè wa, ṣùgbọ́n ìgbèjà rẹ̀ dùn mí ju ẹ̀gàn ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó ní òun ti fi òru ọjọ́ kan ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo ẹ̀yà ara alùpùpù, àti pé orúkọ lọ́ọ̀kì síìtì ni "ohun-èlò-ìso-ìjókòó-mọ́-ara-ọkọ̀." Ẹ̀rín di ìlọ́po méjì.

Èsì mi nìyí. Mo ní àwọn méjèèjì ṣìnà, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ṣìnà: kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó tíì jókòó sí ìsọ̀ mẹkáníìkì rí kí ó fetí sí bí a ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí èmi náà kò bá sì jìyà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kì bá tí mọ̀ jù wọ́n lọ.

Bàbá tí ó bí bàbá mi ni ó ni fẹ́sípà náà. Tíṣà ni wọ́n, ní ayé ìgbà tiwọn fẹ́sípà sì yẹ tíṣà púpọ̀. Ẹni tí kò bá gun irú rẹ̀ rí lè má mọ̀ pé abẹ́ síìtì ni táǹkì epo rẹ̀ wà. Bí síìtì kò bá ṣí, kò sí ibi tí a ó ti rọ epo sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan, epo tán nínú rẹ̀ ní Agbowó. Mo sáré ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, mo po ọ́ìlì mọ́ ọn bí ó ti yẹ, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, mo yí i. Síìtì kò ṣí. Mo yí i títí àtàǹpàkò fi ń ro mí. Mo gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. Mo yá irin lọ́wọ́ fọkanáísà kan, mo kì í bọ abẹ́ síìtì láti fi agbára ṣí i. Èrè tí mo rí níbẹ̀ ni pé etí síìtì wọ́, awọ rẹ̀ sì ya. Ebi ń pa ọkọ̀, oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ sáré dé iyàrá ìdánwò, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ogún máàkì lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìdánwò náà dá lé lórí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, ni ọ̀rọ̀-ìṣe nínú èdè Yorùbá.

Ní ọ̀sán, mo ti ọkọ̀ náà dé ìsọ̀ bàbá arúgbó kan tí ń tún alùpùpù ṣe ní ọ̀nà Ṣàngó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Síìtì yìí kò ṣí."

"Káàsán, akọ̀wé. Ṣé ó há ni, àbí ó yẹ̀?"

"Bàbá, kò ṣáà ṣí ni."

"Mo rí i pé kò ṣí. Ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣí ni mo ń bi ọ́. Ṣé ó há ni, ṣé ó yẹ̀ ni, ṣé ó dì ni, àbí kọ́kọ́rọ́ rẹ ni ó ti jẹ?"

Mo dákẹ́. Ọdún kẹta mi rèé tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè. Mo mọ ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, mo mọ aláìgbàbọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bóyá ohun tí mo ń gùn lójoojúmọ́ há ni tàbí ó yẹ̀. Bàbá náà kò dúró gbọ́ èsì mi. Wọ́n di ẹ̀yìn síìtì mú, wọ́n mì í sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì, wọ́n ní, "Ó yẹ̀ ni. Wo bí ó ti ń rìn. Nọ́ọ̀tì iwájú ti dẹ̀." Wọ́n fi ìbàdí ti síìtì sí apá òsì, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lẹ́. Síìtì ṣí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ohun tí ó há wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn fún un mọ́lẹ̀. Ohun tí ó yẹ̀ ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tí ó dì, ìdọ̀tí tàbí gírísì àtijọ́ ni ó gbá a pọ̀. Ohun tí ó jẹ, ìfarakanra ọjọ́ pípẹ́ ti mú lára rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wọ́, tí ó dẹ̀, tí ó já. Sílébù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀síbẹ̀ ó sọ àrùn, ó sì tọ́ka sí oògùn: ohun tí ó há, ẹ tú u sílẹ̀, ohun tí ó yẹ̀, ẹ dá a padà, ohun tí ó dì, ẹ fọ̀ ọ́, ohun tí ó jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹ́rọ wọn ní i. Ohun tí mo ń wí ni pé àwa náà ní i, àwa akọ̀wé ni a kò mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, kí n san gbèsè tí ẹ̀gbọ́n mi dá sí mi lọ́rùn.

Lábẹ́ ẹ̀yìn síìtì ni ìkọ́ kan wà. Bí a bá pa síìtì dé, ìkọ́ yìí a wọ abẹ́ irin kan tí ó wà lára ọkọ̀, sípíríǹgì a sì dì í mú níbẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ìkọ́ a sún sẹ́yìn, a ó sì lè gbé síìtì sókè. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ihò kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí síìtì, wáyà ni ó sì ń fa ìkọ́. Bí wáyà náà bá dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yóò yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìkọ́ kò ní sún tó. Ẹ fa wáyà náà le díẹ̀ níbi tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì jẹ́ kí iná tàbí sìgá súnmọ́ ibẹ̀, nítorí táǹkì epo ni ẹ fẹ́ ṣí.

Èkíní, bí ó bá há. Abẹ́ síìtì ní rọ́bà tí ó ń gbé lé. Bí rọ́bà náà bá ga jù, yóò máa ti síìtì sókè, ìkọ́ yóò sì fún mọ́ irin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kò fi ní lè sún un. Ẹ má ṣe fa síìtì sókè bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, fífún ni ó sì ń fún un sí i. Kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn síìtì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹni àkọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tí ó bá ṣí, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tí ó ga jù náà.

Èkejì, bí ó bá yẹ̀. Ìwájú ni irin tí síìtì fi ń ṣí bí ilẹ̀kùn wà. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá dẹ̀, síìtì a máa rìn sí ẹ̀gbẹ́, ìkọ́ a sì wọlé ní ìbú. Ẹ mì í kí ẹ mọ ibi tí ó yẹ̀ sí, ẹ tì í padà sí òdìkejì, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ gbé síìtì sí àárín gbùngbùn, kí ẹ wá dè é, díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì, títí yóò fi le.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá dì. Eruku ọyẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ gírísì, yóò sì di ẹrẹ̀ líle, sípíríǹgì kò sì ní lè fa ìkọ́ padà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ fi pépà oníyanrìn tí ó kúnná ha á. Ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì máa sún ìkọ́ náà lọ, sún un bọ̀, títí yóò fi máa yọ̀. Ẹ má tún bu gírísì sí i, eruku ni ẹ ń pè.

Ẹ̀kẹrin, bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ. Èyí tí a gbẹ́ láti ara kọ́kọ́rọ́ tí ó ti jẹ yóò jogún àìsàn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìpilẹ̀ ni kí ẹ mú lọ fún agbẹ́kọ́kọ́rọ́, bí ó bá ṣì wà. Bí ihò kọ́kọ́rọ́ bá sì le, ẹ fi dúdú inú pẹ́ńsù kun eyín kọ́kọ́rọ́, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì. Dúdú náà a máa yọ̀ láìsí pé ó fa eruku mọ́ra. Bàbá bi mí bóyá mo ní pẹ́ńsù. N kò ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má ṣe pa síìtì dé lẹ́yìn àtúnṣe láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ṣíṣí. Ẹ fi sukudiráfà ti ìkọ́ sí ibi tí ó máa ń wà bí síìtì bá wà ní pípadé, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rí i pé ó sún padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Etí síìtì mi tí ó wọ́ ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ ọ́. Ẹ kà á fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wò ó bóyá kò ní lè tún lọ́ọ̀kì náà ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Ẹ ó ní síìtì, sípíríǹgì, nọ́ọ̀tì, kẹrosíìnì, ọ̀rọ̀ àyálò ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń fi yangàn ńkọ́? Machine ti inú èdè Gíríìkì wá, ó gba ọ̀nà Látìnì àti Faransé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Engine ti inú Faransé àtijọ́ wá. Piston ti Ítálì gba ilé Faransé kọjá. Wọ́n yá orúkọ, wọ́n sì ń fi èdè tiwọn ro ohun tí orúkọ náà ń jẹ́. Kí ni ó dé tí àyálò fi jẹ́ ọrọ̀ fún wọn, tí ó sì jẹ́ òṣì fún wa? Fẹ́sípà alára, ta ni ó fún un lórúkọ? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Corradino D'Ascanio tí ó ti ń ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú hẹlikópítà tẹ́lẹ̀ ni ó ya á. Orúkọ tí wọ́n fún un, Vespa, agbọ́n ni ó jẹ́ ní èdè wọn. Wọn kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ tọrọ orúkọ. Kòkòrò tí ń ta wọ́n nínú ọgbà ilé wọn ni wọ́n wò.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi oníwèé ọgọ́rùn-ún orúkọ, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ wàyí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwọ kò wo ilé, o kò sì rí ọmọ. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ òwú wà kí básíkùlù tó dé. Nígbà tí ó dé, àwọn ènìyàn rí i pé òun náà ń yí, wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́. Wọ́n mú orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, wọ́n sọ alùpùpù akérò ní ọ̀kadà. Wọ́n mú orúkọ Buba Marwa tí ó ṣe gómìnà ológun ní Èkó láti 1996 di 1999, wọ́n fi pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Márúwá. Ìgbìmọ̀ wo ni ó jókòó lé e? N kò sọ pé kí a má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀-ìṣe" àti "ọ̀rọ̀-orúkọ" tí a ń lò nínú kíláàsì, àwọn onímọ̀ ni ó ṣẹ̀dá wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ gírámà ni ó ṣẹ̀dá wọn fún iṣẹ́ gírámà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan gírísì rí, kí ni ó mọ̀ nípa ohun tí ó yẹ kí a pe ìkọ́?

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ní ìsọ̀ bàbá náà, ọmọṣẹ́ kan wo lọ́ọ̀kì ọkọ̀ mìíràn, ó ní, "Bàbá, ó ti jáàmù." Bàbá jágbe mọ́ ọn: "Jáàmù wo? Ṣé ó há ni àbí ó yẹ̀?" Ọmọ náà kò lè dáhùn, bí èmi náà kò ti lè dáhùn. Bàbá ti darúgbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìsọ̀ sílẹ̀, "jáàmù" ni yóò kù, àwọn ọmọṣẹ́ yóò sì máa fi irin wọ etí síìtì oníbàárà bí mo ti ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kú nínú iṣẹ́ ọwọ́, ìmọ̀ kan ni ó ń bá a lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kò kan ilé-ìwé. Ní ọdún 1970 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà náà. Ní 2025 wọ́n tún fagi lé e. Àwa ń bínú sí ìjọba, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ọkàn padà lọ́la, tí wọ́n ní kí a mú ìwé ẹ̀rọ tí a kọ ní Yorùbá wá, kí ni ẹgbẹ́ wa yóò gbé síwájú wọn? Ewì?

Mo gbà pé ọ̀rọ̀-ìṣe bàbá ọlọ́nà Ṣàngó nìkan kò tó láti kọ ìwé lórí bí a ti ń yọ́ irin tàbí bí a ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà náà jìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè: bàbá náà ní ọ̀rọ̀, kò ní ìwé, àwa ní ìwé, a kò ní ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́ta wá. Kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí ìsọ̀ kan kí sáà ẹ̀kọ́ yìí tó parí, ìbáà ṣe ti mẹkáníìkì, ti káfíńtà, ti alájó irin tàbí ti télọ̀, kí ó kó ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá wá, kí ó sì kọ gbólóhùn tí ó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn olùkọ́ wa gbà wá láyè láti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́. Kí ìwé ìròyìn yìí náà sì ya ojú-ìwé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, n kò bá wọn jà. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń lọ sí ọ̀nà Ṣàngó láti tún etí síìtì tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́ ṣe. Àyè ẹnì kan ṣì wà lẹ́yìn mi. Kí wọ́n wá jókòó tì wá ní ìsọ̀ fún wákàtí méjì, kí wọ́n fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wá sọ fún wa bí èdè Yorùbá kò bá mọ ẹ̀rọ.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín,
Ẹlẹ́fẹ́sípà